Bí ẹ ṣe lè ya àdìrẹ sójú ZX Spectrum

Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ya àwòrán alápíksẹ́lì, ìyẹn àwòrán tí a fi ojú kéékèèké tò pọ̀, kó má fi òdòdó bẹ̀rẹ̀, kó má sì fi ojú ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Àdìrẹ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni mí lóòótọ́, ìyá mi sì ti ń tàdìrẹ níbẹ̀ kó tó bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ZX Spectrum, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mò ń wí yìí, ń tẹ̀ lé ni òfin àdìrẹ: àwọ̀ méjì péré lójú kan. Ẹni tó ń ya ojú ènìyàn á bá òfin yẹn wọ̀yá ìjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ń ya àdìrẹ ò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé òfin kankan wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ Sinclair ti gbé Spectrum jáde lọ́dún 1982. Tèmi ni 48K onírọ́bà, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé e bọ̀ láti London. Ẹ lè rí tòkunbọ̀ rẹ̀ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá lẹ́ni tó máa bá yín gbé e wálé. Ẹni tí kò bá rówó rẹ̀, kó wa prógíráàmù tí wọ́n ń pè ní Fuse sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣe bíi Spectrum gan-an, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí ló sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ gidi lọ́wọ́, kó fetí sílẹ̀ dáadáa níbi ọ̀rọ̀ iná. 9V DC ni Spectrum ń jẹ, ṣùgbọ́n nẹ́gétíìfù ló wà láàárín ẹnu wáyà adápítọ̀ rẹ̀, pọ́sítíìfù ló wà níta. Ọ̀pọ̀ adápítọ̀ 9V tó wà nígboro, pàápàá èyí tó ń bá ráútà wá, òdìkejì ìyẹn ni wọ́n. Ó máa wọnú ihò náà geere, ẹ ò sì ní í fura, àfi ìgbà tí ẹ̀rọ bá kú. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá ní mítà, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò rẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n, ẹlẹ́yìn ńlá ni kí ẹ wá. Wọ́n ṣì tò jọ gègèrè níwájú àwọn tó ń tún un ṣe ní Lafẹ́nwá, àwọn mìíràn á tilẹ̀ dúpẹ́ pé ẹ bá wọn gbé e kúrò nílẹ̀. Ihò àǹtẹ́nà ni wáyà Spectrum ń wọ̀. Ẹ wá a lórí UHF, ní nọ́ńbà 36, títí tí orúkọ Sinclair àti 1982 á fi hàn nísàlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní lè gbé e, ó sì lè má gbé e. Bó tilẹ̀ gbé e, ó máa ń fi etí píksẹ́lì hàn gbangba jù, iṣẹ́ wa ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ó yá, ẹ wo ojú rẹ̀. Píksẹ́lì 256 ló wà ní ìbú, 192 ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ wá pín gbogbo rẹ̀ sí àpótí kéékèèké, 32 ní ìbú, 24 lóròó, tí àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì 8 lọ́nà 8. Àpótí 768 nìyẹn. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, INK kan àti PAPER kan ló wà, ìyẹn àwọ̀ tí a fi ń kọ àti àwọ̀ ilẹ̀. Kò sí àyè fún ìkẹta. Bí ẹ bá fi àwọ̀ ewé fa ìlà, tí ẹ wá fi pupa fa òmíràn kọjá nínú àpótí kan náà, èyí tó jẹ́ ewé nínú àpótí yẹn á di pupa lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é ò mọṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ nínú àwọ̀ 16, báìtì 24,576 (báìtì la fi ń wọn àyè inú kọ̀ǹpútà) ni àwòrán kan ṣoṣo ì bá máa jẹ, bẹ́ẹ̀ Spectrum tó kéré jù nígbà náà, báìtì 16,384 ni gbogbo àyè tó ní. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí àwòrán gba báìtì 6,144, kí àwọ̀ gba 768, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6,912. Àyè ìyókù ló kù fún èmi àti ẹ̀yin láti fi kọ prógíráàmù.

Ẹ wá wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọ́ ni o, ẹni tó ń fi páànù tí wọ́n gé tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe l'Ábẹ́òkúta ni o, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn níbi gbogbo lára aṣọ: ṣé ẹ̀kọ á bo ibí ni àbí aró á mu ún? Bí Spectrum ṣe ń béèrè nìyẹn náà. 1 ni ẹ̀kọ, 0 ni aró. Nítorí náà PAPER wa á jẹ́ àwọ̀ nọ́ńbà 1, tí í ṣe búlúù, INK wa á sì jẹ́ àwọ̀ nọ́ńbà 7, tí í ṣe funfun.

Irú iṣẹ́ ọnà wo ni ká mú? Tèmi ni pé kí ẹ yẹra fún oníko ní ìbẹ̀rẹ̀. Òrùka-òrùka ni oníko, bẹ́ẹ̀ òrùka ò rí àyè yí po nínú píksẹ́lì 8, ńṣe ló máa ń yọ igun. Ẹ mú iṣẹ́ páànù, èyí tó ní ìlà tó dá gbéré lọ tàbí tó dà gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tí mo fẹ́ fi hàn yín jẹ́ igun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó, tí kékeré kan wà nínú rẹ̀.

Ẹ ra ìwé gíráàfù, irú èyí tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń lò. Ẹ sàmì sí ojú 16 lọ́nà 16. Ìdá mẹ́rin òkè apá òsì nìkan ni ẹ máa yà, torí pé mẹ́ta yòókù, dígí rẹ̀ ni wọ́n. Lókè ìlà mẹ́jọ tó dúró lóròó, ẹ kọ 128, 64, 32, 16, 8, 4, 2, 1. Bí ẹ bá ti kun ojú kan, nọ́ńbà tó wà lókè rẹ̀ ti di tiyín. Ẹ ro gbogbo èyí tí ẹ ní lórí ìlà kan pọ̀, ẹ kọ àpapọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí tiwa ṣe rí nìyí:

. . . . . . . #   1
. . . . . . # #   3
. . . . . # # .   6
. . . . # # . .   12
. . . # # . . .   24
. . # # . . . #   49
. # # . . . # #   99
# # . . . # # #   199

Ẹ wo ìlà kẹfà. 32 ti kún, 16 ti kún, 1 tó wà lópin ti kún: 49. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyókù. Fún apá ọ̀tún, ẹ yí ìlà kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn, kí òsì di ọ̀tún: 128, 192, 96, 48, 24, 140, 198, 227. Ní ti apá ìsàlẹ̀, ẹ ò ní í ṣírò nǹkan kan, prógíráàmù á da ti òkè dojú dé.

Ẹ má ju ìwé náà nù o. Bí àwọn tó ń mú iná lọ bá mú un lọ, ohun gbogbo tó wà nínú Spectrum ti bá a lọ, ṣùgbọ́n ìwé yín ṣì wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá ní ínfátà, kó so ẹ̀rọ àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Ẹni tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló gbójú lé, kó tètè máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Bí a ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú Spectrum máa ń ya ẹni tí kò lò ó rí lẹ́nu. Ẹ kì í tẹ PRINT ní lẹ́tà-lẹ́tà. Bí ìlà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ẹ tẹ P, PRINT á jáde odindi. O ni POKE, F ni FOR, N ni NEXT, M ni PAUSE, B ni BORDER, V ni CLS. Fún àwọn tó fara pamọ́, ẹ tẹ CAPS SHIFT àti SYMBOL SHIFT pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì wọn: A fún READ, D fún DATA, L fún USR, U fún CHR$. INK àti PAPER tún le díẹ̀ sí i: lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ méjèèjì pọ̀, ẹ di SYMBOL SHIFT mú kí ẹ tó tẹ X fún INK tàbí C fún PAPER. SYMBOL SHIFT pẹ̀lú I ni AT, pẹ̀lú F ni TO, pẹ̀lú D ni STEP. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára bọ́tìnnì, ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á.

Prógíráàmù náà rèé:

10 BORDER 1: PAPER 1: INK 7: CLS
20 FOR n=0 TO 7
30 READ p,q
40 POKE USR "a"+n,p: POKE USR "b"+n,q
50 POKE USR "c"+7-n,p: POKE USR "d"+7-n,q
60 NEXT n
70 FOR y=0 TO 20 STEP 2
80 FOR x=0 TO 30 STEP 2
90 PRINT AT y,x;CHR$ 144;CHR$ 145;AT y+1,x;CHR$ 146;CHR$ 147;
100 NEXT x: NEXT y
110 PAUSE 0
120 DATA 1,128,3,192,6,96,12,48,24,24,49,140,99,198,199,227

Ẹ tẹ RUN, tí í ṣe R, kí ẹ sì tẹ ENTER. Aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ara rẹ̀ láti òkè, ọnà 16 lórí ìlà kan, ìlà 11 títí dé ìsàlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Spectrum fún wa ní lẹ́tà 21, láti A dé U, tí a lè fún ní ìrísí tó bá wù wá. Ìlà 40 gbé ìdajì òkè ọnà wa sínú A àti B. Ìlà 50 da nọ́ńbà kan náà dojú dé sínú C àti D. CHR$ 144 ni A, 145 ni B, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé àmì yìí (;) tó kẹ́yìn ìlà 90 o. Òun ló ń dá ẹ̀rọ dúró kó má bàa sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tuntun nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Bí ẹ bá fẹ́ ya tiyín láìlo dígí, ìyẹn kí àpótí kan ṣoṣo máa tún ara rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìyá mi ò tan kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀. Ó wọlé ó bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nídìí tẹlifíṣọ̀n tó ti fi ọnà tirẹ̀ kún ojú rẹ̀, ó dúró, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló tẹ èyí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ọ̀pá kan ò ní í tà nínú ẹ̀. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò fẹnu kora."

Lóòótọ́, ìlà tí ọmọ náà fà jáde lápá ọ̀tún ní ìlà karùn-ún, ìlà kẹta ló ti wọlé lápá òsì. Bí àpótí bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, gbogbo ibẹ̀ á já. Ẹ ò nílò ojú aláàdìrẹ kí ẹ tó rí i ṣá, àwọn nọ́ńbà yín á sọ ọ́ fún yín. Nọ́ńbà tí kò bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, píksẹ́lì ọ̀tún pátápátá ló tàn níbẹ̀. Nọ́ńbà tó bá tó 128 tàbí tó jù ú lọ, ti òsì pátápátá ló tàn. Ìlà tó bá jẹ́ 1 lópin gbọ́dọ̀ rí 128 tó máa gbà á, lórí ìlà kan náà, tàbí lórí èyí tó tẹ̀ lé e gan-an bí ìlà náà bá ń dà gẹ̀rẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà kẹjọ náà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu lọ́nà kan náà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kù. Spectrum ní BRIGHT, tó ń mú kí àwọ̀ tàn sí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń sáré lọ síbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. BRIGHT kì í mú INK kó fi PAPER sílẹ̀. Bí ẹ bá tan funfun, búlúù náà á tàn, ẹ ó wá rí búlúù ike dípò aró. Láìsí BRIGHT, búlúù á dúdú dáadáa, funfun á sì ṣókùnkùn díẹ̀. Èyí gan-an ló bá aṣọ mu, torí ibi tí ẹ̀kọ bò lára àdìrẹ kì í funfun bíi báfùtà tuntun, aró máa ń yọ́ wọ ibẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kàm̀pálà, kó fi ìlà kan kún un:

102 FOR i=22528 TO 23231: POKE i,14: NEXT i

Láti 22528 ni àwọ̀ àpótí ti bẹ̀rẹ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: INK, kí ẹ fi PAPER lọ́nà 8 kún un, kí ẹ fi 64 kún un bí ẹ bá fẹ́ BRIGHT. Funfun lórí búlúù jẹ́ 7 àti 8, ìyẹn 15. Yẹ́lò lórí búlúù jẹ́ 14. Ẹ fi 30 dípò 14, yẹ́lò á jókòó lórí àwọ̀ pọ́pù. Ẹ kíyè sí i pé ọnà náà ò yí padà rárá, àwọ̀ nìkan ló ń yí gba ara rẹ̀ kọjá. Ìlà méjì tó kẹ́yìn lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ló fi ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn àdìrẹ ni kí ẹ tó lọ bá Òkúta Olúmọ. PLOT, tó ń kun píksẹ́lì kan, àti DRAW, tó ń fa ìlà, ni ẹ máa lò. Ìsàlẹ̀ apá òsì ni PLOT ti ń ka 0,0, ó ń lọ dé 255 ní ìbú àti 175 lókè. Kí ẹ lè mọ àpótí tí ẹ wà, ẹ pín ìbú sí 8, kí ẹ pín gíga náà sí 8, kí ẹ ju ẹ̀là méjèèjì nù, kí ẹ wá yọ ti gíga kúrò nínú 21. Òkúta dúdú lójú ọ̀run ò fa wàhálà kankan: INK 0, PAPER 5, àwọ̀ méjì náà nìyẹn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òrùlé páànù tó ti dípatà bá yọ nídìí òkúta. Ojú ọ̀run, òkúta àti òrùlé nínú àpótí kan ti di mẹ́ta.

Ọ̀nà méjì ni mo ń gbà yọ. Àkọ́kọ́, mo máa ń sún òrùlé sókè tàbí sódò títí tí etí rẹ̀ á fi bọ́ sí etí àpótí. Kò sẹ́ni tó máa lọ sí Aké lọ wọ̀n ọ́n wò. Ìkejì ló dùn mọ́ mi jù: mo máa ń fi PAPER 0 àti INK 2 ya òrùlé tó bá fara kan òkúta, pupa lórí dúdú. Dúdú ilẹ̀ rẹ̀ á wọnú dúdú òkúta, àwọ̀ kẹta ò sì ní í sí. Kí pupa náà lè dà bí ìpatà, ẹ kun píksẹ́lì ní ọ̀kan-fò-ọ̀kan: 170 lórí ìlà kan, 85 lórí èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé ìsàlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá á pò wọ́n pọ̀ mọ́ra, ẹ ó rí àwọ̀ tí Spectrum ò ní rárá. Ìdí tí mo ṣe ní kí ẹ fi pẹlẹbẹ sílẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń jó lójú díẹ̀ ṣá, pàápàá tí wáyà àǹtẹ́nà ò bá wọlé dáadáa. Àwọn òrùlé tó jìnnà sí òkúta, INK 6 lórí PAPER 2 ni kí ẹ fún wọn, lọ́nà kan náà.

Ẹni tó bá ní Commodore 64, ti ọdún 1982 kan náà, á rẹ́rìn-ín mi níbí, torí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní buráùn gidi, nọ́ńbà 9, àti àwọ̀ ọsàn, nọ́ńbà 8. Ó tún lè kó àwọ̀ mẹ́rin sínú àpótí kan, ṣùgbọ́n píksẹ́lì á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, 160 lọ́nà 200 ni gbogbo ojú rẹ̀ á dà. Fún òrùlé, òun ló dáa jù. Fún àdìrẹ, píksẹ́lì fífẹ̀ yẹn ń ba igun jẹ́. Ẹ fi mítà wọn 5V adápítọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tàn án, torí bó bá ti gbó, fóltì rẹ̀ máa ń gòkè, ó sì máa ń jó àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí lórí Spectrum, ẹ fi wáyà so ihò MIC mọ́ rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì tàbí láptọ́ọ̀pù tó lè gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ wá kọ:

SAVE "adire" SCREEN$

Ariwo tí ẹ máa gbọ́, bí ìṣẹ́jú àáyá 45, ni aṣọ yín. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e padà, ẹ gbé ohùn náà sórí fóònù, ẹ so fóònù mọ́ ihò EAR, ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè dáadáa, kí ẹ kọ LOAD "" SCREEN$. Ìdámẹ́ta òkè ni ọnà á ti kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà àárín, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀, àwọ̀ á sì dé gbẹ̀yìn.

Ẹ má fi VERIFY yẹ̀ ẹ́ wò o. Bí VERIFY bá ti rí àwòrán náà, ó máa kọ orúkọ rẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n, ojú náà á ti yàtọ̀ sí èyí tí ẹ tọ́jú, ẹ̀rọ á wá ní kò bára mu bẹ́ẹ̀ sì ni kò séwu. Ẹ tẹ CLS, kí ẹ LOAD é padà láìtíì pa ẹ̀rọ. Prógíráàmù yín ṣì wà nínú rẹ̀, torí náà bí àwòrán bá wọlé ní jáujàu, ẹ tún RUN, ẹ tún SAVE, kí ẹ dín ohùn rẹ́kọ́dà kù díẹ̀.